Ọjọ́ Kíkún, Ojúmọ́ àti Wákàtí: Àyẹ̀wò Òṣùwọ̀n Ìṣàn Omi

Ìṣirò tí ó ń sọ ìwọ̀n ìṣàn omi ti ọjọ́ di ti wákàtí kò le: 24 ni a ó fi pín in. Bí ilé-iṣẹ́ omi kan bá ń fa 12,000 mítà kúbíìkì (m³) lọ́jọ́, 500 m³ ni ti wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tún fi 3.6 pín 500, a ó rí nǹkan bíi lítà 139 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá jókòó láti kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ọjọ́ ni yóò kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìlú Ilọrin yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí. Odò Asa la ìlú náà já, dáàmù sì wà lórí rẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń mu omi rẹ̀. Níbẹ̀ ni olú-iṣẹ́ àjọ tí ń mójú tó agbègbè ìsàlẹ̀ Odò Ọya wà, irú àjọ tí ìjọba ológun gbé mọ́kànlá kalẹ̀ ní 1976. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó wà nínú orúkọ àjọ náà ti di orúkọ àdúgbò: Básìn. Abọ́ ìfọwọ́ ni etí Yorùbá máa ń gbọ́ nínú rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́, nítorí ilẹ̀ tí gbogbo òjò orí rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan ni.

Nígbà tí àgbẹ̀ bá sọ pé òun fi ọjọ́ kan kọ ebè, kò ka òru mọ́ ọn. Nígbà tí onílé bá sọ pé àlejò lo ọjọ́ kan, ó ka òru mọ́ ọn. Ọ̀nà ìkà kẹta, ti ọjà, ni ó léwu jù. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ márùn-ún ni a kà á sí, nítorí a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó wà láti òwúrọ̀ ọjà kan sí òwúrọ̀ èkejì. Ìjẹta náà jẹ́ ẹ̀rí: ọjọ́ tí ó ṣáájú àná ni, síbẹ̀ ẹ̀ta ni a gbọ́ nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn. Inú ìwé ìṣirò ni kò gbọdọ̀ wọ̀.

Kí a gbà pé òṣìṣẹ́ kan ka òǹkà omi ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé (Àtìní), ó sì tún kà á ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì (Jímọ̀), 48,000 m³ ni ó sì kọjá láàárín. Bí ó bá kọ “ọjọ́ márùn-ún”, ẹni tí yóò ṣe ìṣirò yóò fi wákàtí 120 pín in, yóò rí 400 m³ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 96 ni ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. 500 m³ ni ìdáhùn. Bí ẹlòmíràn bá ti kọ 500 sílẹ̀ níbi tí a ti ń fa omi, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò lára páìpù tí kò jò. Ní Ilọrin, nǹkan mìíràn tún wà. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà òru tí ó ṣáájú ọ̀sán Jímọ̀ ni òru Jímọ̀. Ẹni tí kò bá kọ agogo sí i ti fi òǹkàwé sínú iyèméjì odindi wákàtí 24. Wákàtí fúnra rẹ̀, tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá, kò ní ìṣòro yìí mọ́: àkókò lásán ni ní orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 60 ni lónìí.

Èyí tí ó ń náni lówó jù ni ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ kíkún àti wákàtí iṣẹ́. Bí àìsí iná mànàmáná kò bá jẹ́ kí ẹ̀rọ afami ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ lójúmọ́, 12,000 m³ ọjọ́ náà di 1,200 m³ fún wákàtí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 400, omi tí ìbá máa sáré ní mítà 1.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò máa sáré ní nǹkan bíi mítà 2.65, agbára tí ìfọwọ́rá ń jẹ lójú ọ̀nà yóò sì ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ẹni tí ó fi 24 pín kò ṣi ìṣirò. Ohun tí a sọ fún un ni kò pé.

Bí a bá yí i padà, ewu náà kò dín kù. Orí òkúta líle àtayébáyé ni Ilọrin dúró lé. Inú ilẹ̀ tí ó ti jẹrà lórí òkúta náà àti inú ẹ̀là rẹ̀ ni omi ń gbé. Bóhòlù tí ó mú lítà 1.5 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nígbà ìdánwò wákàtí mẹ́ta kò tíì di èyí tí ń mú 129.6 m³ wá lọ́jọ́. Ohun tí ó yẹ kí a kọ ni pé 129.6 m³ ni yóò jẹ́ bí ó bá lè ṣàn bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bákan náà ni Odò Asa lẹ́yìn òjò ńlá ìrọ̀lẹ́: ìpíndọ́gba ọjọ́ náà kò lè sọ bí omi ti kún tó ní wákàtí tí ó ga jù.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, ìwọ̀n ìṣàn ni ó dára fún iye omi tí ń kọjá láàárín àkókò kan. Kí a má ṣe lo ìyára fún un, nítorí ìyára ni ti mítà 2.65 òkè yìí. Òǹkà omi sàn ju mítà lọ fún ẹ̀rọ tí a ń kà, nítorí mítà ti jẹ́ òṣùwọ̀n ìgùn. Jálá kò wúlò níbí rárá: ẹlòmíràn gbà á sí lítà, ẹlòmíràn gbà á sí gálọ́ọ̀nù. Gálọ́ọ̀nù inú àwọn ìwé àtijọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ sọ ilé rẹ̀: mílíọ̀nù kan lọ́jọ́ nínú ti Bìrìtìkó jẹ́ nǹkan bíi 189 m³ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ti Amẹ́ríkà kò sì ju 158 lọ.

Kí ọjọ́ kíkún dúró fún wákàtí 24, kí lójúmọ́ wà fún iṣẹ́ tí ó ní ìsinmi. Báyìí ni gbólóhùn náà yóò ṣe rí: “Ẹ̀rọ náà ń fa 12,000 m³ fún ọjọ́ kíkún kọ̀ọ̀kan, wákàtí 10 ni ó ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ìwọ̀n ìṣàn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ 1,200 m³ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan.”