Ta Ló Pa Á Nígbà Tí Irin Kò Tíì Dáyé? Ìmọ̀ràn fún Àbúrò Mi Òǹkọ̀wé

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. O ní o fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, o sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà tí òkúta jẹ́ ọ̀bẹ, tí ihò àpáta jẹ́ ilé. Wọ́n á sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe, pé níbi tí kò sí ọlọ́pàá, kò lè sí ìtọpinpin. Má dá wọn lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú nìyí: iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn inú ìwé rẹ ni kó tú àṣírí apànìyàn.

Kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára òkú Ötzi

Lọ́dún 1991, tọkọtaya kan tó ń rìn lórí òkè Alps, ní ààlà Ítálì àti Austria, rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín. Ó ti lé ní 5,000 ọdún tó ti kú. Ötzi ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ rò pé òtútù ló pa á. Ọdún 2001 ni àwòrán X-ray tó fi hàn pé orí ọfà olókùúta kan wà ní èjìká òsì rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ta á. Ọgbẹ́ jíjìn kan tún wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti ń jinná díẹ̀díẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìjà ti wáyé lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú.

Wàyí o, fọkàn bá mi lọ. Àáké bàbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun olówó iyebíye láyé ọjọ́un, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Igi ọfà náà ni kò sí mọ́. Alexander Horn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá kan láti Munich ní Jámánì tí wọ́n pè pé kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, sọ pé kò jọ iṣẹ́ olè, pé ìkùnsínú ló jọ. Ìwọ wo ohun tí apànìyàn mú lọ àti ohun tó fi sílẹ̀. Bí o bá ti lè dáhùn ìbéèrè méjì yẹn nípa òkú inú ìwé tìrẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀ orí kìíní, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Tún rántí agbárí kan tí wọ́n rí ní Atapuerca ní Sípéènì. Ó tó 430,000 ọdún. Ojú ọgbẹ́ méjì ló wà níwájú orí rẹ̀, méjèèjì sì jọra, bí ìgbà tí ohun kan náà bà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ré bọ́ láti orí àpáta kì í fi ibì kan náà gbá ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò nílò ọlọ́pàá. Ojú tó mọ ọgbẹ́ ló nílò.

Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó ṣe ìtọpinpin

Ka Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ka Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Kọ́lá Akínlàdé. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí pamọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ṣùgbọ́n má wọ awọ ẹran fún ọ̀kan nínú wọn kó o wá pè é ní ará àtijọ́.

Èmi ì bá fi obìnrin tó ń fá awọ ṣe é. Òun ló ń lo òkúta ẹlẹ́nu mímú látàárọ̀ dalẹ́. Ó mọ òkúta tí ọlọ́wọ́ òsì ṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tó yọ orí ọfà olókùúta kékeré kan láàárín egungun ìhà olóògbé, ó gbé e sí imú. Àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ọfà ṣì rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ọfà tó pẹ́ nínú apó, àtè rẹ̀ á ti gan. Lánàá ni wọ́n ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkùnrin tó ní òun kò ṣe ọfà láti ìgbà òjò wà níbẹ̀, tó ń sunkún ju gbogbo wọn lọ.

Ihò wà nílé wa

Bí o kò bá fẹ́ lọ sókè Alps, Ihò Eléérú wà nítòsí Ìsarun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lọ́dún 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àtàwọn èèyàn rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rí egungun èèyàn tó ti tó bí 13,000 ọdún, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ fún iṣẹ́. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ tó wọn agbárí ẹni náà kéde pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó gbáyé ṣáájú ìgbà tirẹ̀ gan-an. Àlejò tí orí rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú ihò: ṣé o ò rí afurasí àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn máa nàka sí láìṣẹ̀?

Ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀

Kò sí irin, kò sí ẹṣin, kò sí owó ẹyọ, kò sí aṣọ híhun. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata kò tíì dé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492. Fún wọn ní ẹran ìgbẹ́, ìgbín, iṣu igbó àti èso. Yẹ òwe wò pẹ̀lú: èyí tó bá dárúkọ ọba, ọjà tàbí idà, yọ ọ́. Fi iná, òjò, ẹranko àti àpáta pa tuntun.

Má tijú láti béèrè. Agatha Christie, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, fi awalẹ̀pìtàn ṣe ọkọ, síbẹ̀ nígbà tó ń kọ *Death Comes as the End*, ìtàn ìpànìyàn ní Íjíbítì ìgbàanì tó jáde lọ́dún 1944, ọ̀dọ̀ Stephen Glanville, onímọ̀ nípa Íjíbítì, ló ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ilé. Awalẹ̀pìtàn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀, kó o lọ bá wọn.

Nígbà tó bá di títẹ̀

Fún àwọn tí kò ní pọ́n ọ lé ní ìwé náà kà, kí wọ́n fàlà sí ibi tí wọ́n ti mọ apànìyàn. Bó bá ti yá jù, tún un tò. Wá olóòtú tó mọ àmì ohùn lò. Gba ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí bébà kó o tó san owó tó kù fún àwọn atẹ̀wé, torí àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ máa ń sá lọ nínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀dọ̀ National Library of Nigeria ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ISBN. Bí o bá dá a tẹ̀ fúnra rẹ, fún wọn ní ẹ̀dà mẹ́ta tó bá jáde. Gẹ́gẹ́ bí òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti ọdún 2022, láti ìgbà tó o ti kọ ọ́ sílẹ̀ ló ti jẹ́ tìrẹ. Fífi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba á fún ẹ̀rí rẹ lágbára sí i. Bí ilé ìtẹ̀wé bá gbé ìwé àdéhùn wá, ka ibi tó sọ nípa fíìmù àti ìtúmọ̀ sí èdè mìíràn lákàtúnkà. Má bọwọ́ lù ú nítorí pé inú rẹ ń dùn.

Àbúrò mi, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá kò tíì pọ̀ tó lórí igbá. Jọ̀ọ́, pinnu lónìí ẹni tó kú àti ohun tí wọ́n mú lọ lára rẹ̀, kó o sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.