Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni àgbà ń pa nígbà tí ohun tí wọ́n ń sọ fún un kò bá bá ohun tó fojú ara rẹ̀ rí mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rí nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lóṣooṣù ni ìjọba ibẹ̀ ń kéde iye àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, iye náà kò sì kúrò ní nǹkan bí 4 nínú 100 láti ọdún mélòó kan wá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ní ara tù wọ́n. Ṣùgbọ́n kó rìn wọ àwọn àdúgbò kan ní Ohio tàbí West Virginia ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò bá ọkùnrin tó ti lé lógójì, tó jókòó síwájú ilé, tí kò múra àtijáde.

Bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn ló fà á. Nǹkan bí ìdílé 60,000 ni àwọn tó ń kànìyàn fún ìjọba ń bi léèrè lóṣù kan. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí kò níṣẹ́, àmọ́ tó wáṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, aláìníṣẹ́ ni. Ẹni tí kò níṣẹ́ tí kò sì wá a ńkọ́? Kò sí nínú ti àkọ́kọ́, kò sí nínú ti èkejì. Iye tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò kò kàn án rárá.

Lọ́dún 1954, bí a bá kó ọkùnrin 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 25 sí 54 jọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nǹkan bí 97 nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́. Lónìí, nǹkan bí 89 ni. Ẹni tó bá yára wò ó lè ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí a bá ka orí, àwọn tí kò ṣiṣẹ́ tí kò sì wá a ń lọ sí mílíọ̀nù 7, wọ́n sì wà ní ìgbà tí apá èèyàn ń ká iṣẹ́ jù lọ. Lọ́dún 2016, olùwádìí kan, Nicholas Eberstadt, kọ odindi ìwé nípa wọn, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Men Without Work, ìyẹn Àwọn Ọkùnrin Tí Kò Níṣẹ́.

“Ọ̀lẹ” ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu èèyàn. Ọ̀lẹ wà lóòótọ́, kò sì sí ìlú tí kò sí. Ṣùgbọ́n ìwà ọ̀lẹ kì í ràn bí ìgbóná, tí yóò fi mú mílíọ̀nù èèyàn láàrin àádọ́rin ọdún. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ kí á wò.

Ní Youngstown, ní ìpínlẹ̀ Ohio, irin ni wọ́n ń rọ tẹ́lẹ̀. Bàbá á wọ ilé iṣẹ́ irin, ọmọ á bá a níbẹ̀, ọmọ ọmọ á ti mọ̀ pé àyè òun wà nílẹ̀ kó tó jáde ilé ìwé. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, ilé iṣẹ́ Youngstown Sheet and Tube kéde pé àwọn yóò ti ẹ̀ka wọn tó ń jẹ́ Campbell Works pa. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ 5,000 ló pàdánù iṣẹ́. Ọjọ́ Ajé lọjọ́ náà bọ́ sí, “Ajé Dúdú” sì ni àwọn ará ìlú ń pè é di òní. Orúkọ náà á ta létí ọmọ Yorùbá ju bí ó ṣe ta létí àwọn tó sọ ọ́ lọ, nítorí ọjọ́ tí ọlọ́jà ń retí èrè ni ajé ká ẹní kúrò nílùú wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ irin mìíràn tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1950, àwọn tó ń gbé Youngstown lé ní 168,000; lọ́dún 2020, nǹkan bí 60,000 ló ṣẹ́ kù.

Kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè nìkan ló gba iṣẹ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá ni òṣìṣẹ́ kan ń lò kí tọ́ọ̀nù irin kan tó jáde. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di èyí tí kò tó wákàtí méjì. Lẹ́yìn tí Ṣáínà wọ ẹgbẹ́ ìṣòwò àgbáyé lópin ọdún 2001, ọjà rẹ̀ ya wọlé bí omi. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá tó lé ní mílíọ̀nù 17 nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 ti wọ ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 12 nígbà tí ọdún 2010 fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Iṣẹ́ mìíràn yọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó àti ọ́fíìsì tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì ló ti yọ. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ fi òòlù àti iná tọ́ ọ kì í ka bíbọ́ aṣọ fún arúgbó sí iṣẹ́ ọkùnrin. Bí iṣẹ́ ṣe wà tí òun náà wà nìyẹn, tí wọn kò sì pàdé.

Ẹ wá jẹ́ ká fojú inú wo ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 45. Ó ti fi ogún ọdún gbé ẹrù wíwúwo, ẹ̀yìn ń dùn ún. Dókítà kọ oògùn ara ríro fún un. Láti ọdún 1996 ni OxyContin ti wọ ọjà, tí wọ́n sì ń polówó rẹ̀ fáwọn dókítà bí ẹni pé kì í di bárakú. Purdue Pharma tó ṣe é jẹ́bi nílé ẹjọ́ lọ́dún 2020, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà tí Alan Krueger, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Princeton, wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2017, ó rí i pé nínú àwọn ọkùnrin tí kò ṣiṣẹ́ tí kò sì wá a yìí, nǹkan bí ìdajì ló ń lo oògùn ara ríro lójúmọ́.

Ọkùnrin wa tún lè gba owó àìlera lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Àmọ́ òfin rẹ̀ ní ìdẹkùn nínú. Lọ́dún 2024, bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá mú ju dọ́là 1,550 wọlé lóṣù, ìjọba lè kà á sí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, kí owó náà sì dúró. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dá a lójú, tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tuntun náà yóò pé oṣù mẹ́ta, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi èyí tó dájú sílẹ̀.

Bó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí ńkọ́? Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Olùwádìí kan, Devah Pager, rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin lọ wáṣẹ́ ní Milwaukee, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2003. Ìwé wọn bára mu, àfi pé àwọn kan á kọ ọ́ pé àwọn ti ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n pe òyìnbó tí kò ṣẹ̀wọ̀n padà ní ìgbà 34 nínú 100, èyí tó ní òun ṣẹ̀wọ̀n ní 17. Wọ́n pe ọkùnrin dúdú tí kò ṣẹ̀wọ̀n rárá ní 14, èyí tó ní òun ṣẹ̀wọ̀n ní 5. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú ní ìgbà 95 nínú 100, ṣé a ó ya ẹnu bó bá jókòó sílé?

Jíjókòó náà sì ní oró tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kroft, Lange àti Notowidigdo, fi nǹkan bí ìwé ìwáṣẹ́ àtọwọ́dá 12,000 ránṣẹ́ sí nǹkan bí iṣẹ́ 3,000, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde lọ́dún 2013. Bí ọjọ́ tí èèyàn ti wà nílé ṣe ń gùn sí i ni ìpè ń dín kù, oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló sì ti burú jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìwà ọ̀lẹ, ilẹ̀kùn tó ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń ka nǹkan fún ìjọba sọ pé àìríṣẹ́ṣe jẹ́ 33.3 nínú 100 lópin ọdún 2020. Nígbà tí wọ́n yí ìlànà tí wọ́n fi ń kà wọ́n padà lọ́dún 2023, tí wákàtí kan lọ́sẹ̀ wá tó láti sọ èèyàn di òṣìṣẹ́, iye náà já sí 4.1. Ẹni tó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agboòrùn ní Ojúẹlẹ́gbà lè jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe pé iṣẹ́ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀.

Kí ni ìdílé lè ṣe? Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọkùnrin tí wọ́n bá dá dúró kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oṣù mẹ́jọ náà kọjá lófo. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ìrànlọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kọ sínú ìwé ìwáṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó jí láàárọ̀. Mẹkáníìkì tó mọ kábúrétọ̀ dunjú ní Ìbàdàn, tí ọkọ̀ tó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà wá ń kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lè lọ bá rẹwáyà tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Kò sí ohun tó burú bí ẹni àádọ́ta ọdún bá pe ẹni ọgbọ̀n ọdún ní ọ̀gá fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìrora. Tramadol tí alábàárù ń lò kó lè gbé ẹrù tòní kò yàtọ̀ sí ohun tó ba Ohio jẹ́. Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé, ṣùgbọ́n òfin kò lè yẹ àpò ọkọ wò. Ìyàwó àti ìyá lè béèrè: oògùn wo lo ń lò, ta ló kọ ọ́ fún ọ, ọjọ́ wo ni yóò tán?

Ìyá tó ń gbé abọ́ wọ yàrá fún ọmọ ọdún 35 tó ń fi géèmù ṣeré, àánú ló ń ṣe é, kì í ṣe pé ó fẹ́ ba ọmọ jẹ́. Kó máa bá a lọ láti fún un ní oúnjẹ, kó sì fún un ní ojúṣe: kó máa gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwé, kó máa ra ọjà, kó máa bójú tó omi àti jẹnẹrétọ̀. Dípò “Ṣé o ti ríṣẹ́?”, tó ń gún un lọ́kàn lójoojúmọ́, kí wọ́n máa bi í pé, “Kí lo ṣe lónìí?” Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ní tiwọn. Láti ọdún 1998 ni ìpínlẹ̀ Hawaii ti ní kí agbanisíṣẹ́ má béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n títí yóò fi sọ pé òun fẹ́ gba èèyàn. Oníṣòwò Yorùbá kò nílò òfin kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ tí àwọn kan ń kọ̀, ẹ wo àwọn ọmọ Yorùbá tí ajé sọ nù bí òkò sí Houston àti Maryland. Ẹni tó ti ṣe olùkọ́ tàbí akọ̀wé báńkì nílé ń bẹ̀rẹ̀ nílé ìtọ́jú arúgbó. Wákàtí 75 ni òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì má dín sí. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí arúgbó padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́ láìtú u láṣìírí. Ọmọ tó ti kọ́ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í rí ìyẹn bí ìtìjú. Àwọn kan ń ti ibẹ̀ di nọ́ọ̀sì gan-an. Láàrin àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, ọkùnrin kò ju 2.7 nínú 100 lọ lọ́dún 1970. Lọ́dún 2011, wọ́n ti di 9.6.

Lọ́pọ̀ ìgbà, Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìjọba Amẹ́ríkà ń kéde iye tuntun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè béèrè èyí tí wọn kì í kà sókè: ọkùnrin mélòó ni kò ṣiṣẹ́, tí kò sì wá a mọ́? Lẹ́yìn náà, kó ka agboolé tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò tó ní òun ń “mú un jẹ́jẹ́” láti ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n tí kì í gbé fóònù mọ́, kó sì lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ Sátidé.