Ikọ́ Adìẹ Kan Náà, Ọ̀tọ̀ Ni Kòkòrò Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibikíbi tí ẹ ti wá, ìbáà ṣe Nàìjíríà, Gánà tàbí Tógò, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ará abúlé kan yóò gbé adìẹ tí ń wúkọ́ wá bá yín, tí yóò bi yín pé, “Tíṣà, kí ni ó ń ṣe é?” Ẹ má ṣe kánjú dá a lóhùn. Èmi kánjú rí.

Adìẹ 200 tí ń yé ẹyin ni mo ń sìn nígbà náà. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a máa hanrun bí àgbà ọkùnrin. Kò pẹ́ tí ẹyin tí mo ń kó lójúmọ́ fi dín sí ìdajì. Èèpo èyí tí ó kù rí wúruwùru, funfun inú rẹ̀ sì ń ṣàn bí omi. Mo ní àrùn Newcastle ni, mo sì tún ra àjẹsára rẹ̀ fún wọn. Owó náà bómi lọ.

Àrùn bronchitis ni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ láti North Dakota ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1931. Ikọ́ tirẹ̀ àti ti Newcastle, etí kò lè yà wọ́n. Ilé àyẹ̀wò ni ó lè yà wọ́n.

Adìẹ tí ikọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ. (Òkú adìẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ gbé dé ibẹ̀, wọ́n dá mi padà.) Wọn a fi òwú nu inú ọ̀fun rẹ̀, wọn a sì fi omi ara òwú náà sínú ẹyin tí ó ti wà lábẹ́ ooru fún ọjọ́ 9 sí 11, tí ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀. Bí kòkòrò bronchitis bá wà níbẹ̀, ọmọ náà yóò ràn, yóò sì ká kò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè ní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ó tó hàn. Ti Newcastle a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa so mọ́ra. Ti bronchitis kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ àrùn nìkan kò tó. Kòkòrò yìí ní ẹ̀yà púpọ̀, ẹ̀gún ara rẹ̀ ni a sì fi ń dá wọn mọ̀. Lónìí, wọn a máa ka àbùdá tí ó ń ṣe ẹ̀gún náà, èyí tí à ń pè ní S1, bí ẹni ka lẹ́tà. Láàárín ọdún 2002 sí 2007, wọ́n yẹ adìẹ tí ó ju 1,000 lọ wò ní Nàìjíríà àti Niger, wọ́n sì rí ẹ̀yà tuntun kan tí wọ́n sọ ní IBADAN. S1 rẹ̀ fi ó kéré tán 24 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀yà tí a ti mọ̀. Ẹni tí ó bá fún adìẹ ní àjẹsára ẹ̀yà Massachusetts kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò dí irú èyí lọ́nà.

Nígbà tí èsì tèmi dé, dókítà ẹranko yí ètò àjẹsára padà fún àwọn òròmọdìẹ tí mo rà tẹ̀lé e. Àwọn ti àkọ́kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ṣùgbọ́n ẹyin wọn kò pé tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́.