Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ṣe Bàálù

Ẹ̀yin ọmọ ìlú Akínmọ́rìn tí ẹ ní bàálù lẹ fẹ́ máa ṣe, inú mi dùn sí i. Ẹ má dá àwọn tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn. Ẹ gbọ́ ìtàn Igor Sikorsky ná.

Ìlú Kyiv ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1889. Ní 1909 ó ṣe hẹlikópítà; kò gbéra nílẹ̀. Ó pa á tì, ó kọjú sí bàálù. Lọ́jọ́ kan ní 1911, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lójú òfúrufú, orí ló kó o yọ. Nígbà tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀fọn kan ló bá níbi tí epo ń gbà kọjá. Ẹ̀fọn lásán! Ẹlòmíràn ì bá ní ayé ló ń ṣe òun. Sikorsky ní bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú, ó yẹ kí òmíràn ṣì máa ṣiṣẹ́. Ní 1913 ó gbé bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin fò; láti ara rẹ̀ ni bàálù Ilya Muromets ti jáde, èyí tí Rọ́ṣíà fi ju bọ́ǹbù nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó sá kúrò ní Rọ́ṣíà, ó dé Amẹ́ríkà ní 1919, ó ń fi kíkọ́ni ní ìṣirò jẹun. Ní 1939, iṣẹ́ hẹlikópítà tó ti pa tì wá yọrí.

Nílé wa níbí ní Nàìjíríà, Kàdúná ni wọ́n ti to Air Beetle, bàálù tí ọmọ ogun òfúrufú fi kọ́ṣẹ́; bàálù RV-6A ti Amẹ́ríkà ni wọ́n wò ṣe é. Kàdúná náà ni Tsaigumi, bàálù tí kò ní awakọ̀, ti jáde ní 2018.

Ẹ má sá fún ìṣirò àti físíìsì, tọkùnrin tobìnrin yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ìwé fún wọn.