Ebi Ni Ó Ṣílẹ̀kùn Ìjàyè: Ẹ̀kọ́ Kan Nípa Ogun àti Oko

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá, tàbí tí a bá ń tú oríkì jagunjagun palẹ̀ nínú kíláàsì, idà, ìbọn àti oògùn ni a máa ń mẹ́nu bà. A kì í sábà béèrè oko. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá béèrè oko kò tíì mọ ìdí tí ìlú fi ń ṣubú.

Ìlú àti Oko

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí. Ní agbègbè wa, láti Òmù-Àrán títí dé Ẹ̀sìẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ìran wa. Bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá láyé ogun: odi àti yàrà yí ilé ká, ṣùgbọ́n ìta odi ni oko tí ó pọ̀ jù wà. Ọ̀tá tí kò lè gun odi lè jí àgbẹ̀ gbé lóko, kí ó wa iṣu, kí ó sì dáná sun àká. Ohun mẹ́ta ni èyí ń ṣe. Ó ń gba oúnjẹ òní lẹ́nu ará ìlú. Ó ń gba èèbù ọdún tí ń bọ̀. Ó sì ń bọ́ àwọn ọmọ ogun ọ̀tá fúnra wọn.

Àpẹẹrẹ Ìjàyè

Ní 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà. Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ní ọba, nítorí àṣà ni pé kí àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́.

Ará Ìjàyè kò lè lọ sí oko wọn mọ́. Oúnjẹ tí ó ń ti Òkè-Ògùn wá ni wọ́n gbójú lé, ṣùgbọ́n Ìbàdàn gbógun lọ síbẹ̀ títí ọ̀nà náà fi dí. Ìyàn mú gidigidi. Àwọn òbí kan fi ọmọ wọn gba oúnjẹ. Àwọn míṣọ́nnárì sì ń kó ọmọ tí ebi ń pa jọ. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìbọn Ìbàdàn ni ó ṣẹ́gun. Òótọ́ ni pé ìbọn dún. Ṣùgbọ́n ó dún fún nǹkan bí ọdún méjì kí ìlú náà tó wó, ìyàn sì ti jẹ ẹ́ tán nínú kí ó tó wó.

Níbòmíràn àti Nílé

Ní 1864, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Ọ̀gágun Philip Sheridan ní kí wọ́n sun àká àti ilé ìlọkà ní àfonífojì Shenandoah. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àárín Ìbàdàn àti Ìlọrin ni a há sí. Ajẹ́lẹ̀ wọn kò ní láti sun oko. Wọ́n ń jẹ èrè rẹ̀ ni. Ara ohun tí ó mú kí àwọn Ìgbómìnà dara pọ̀ mọ́ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nínú Èkìtìparapọ̀ nìyí, nínú Ogun Kírìjì tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ṣùgbọ́n tí kò parí pátápátá títí di 1893.

Àgbálọgbábọ̀

Láti 1977 ni òfin àgbáyé ti kọ̀ ọ́ pé kí a fi ebi pa ará ìlú nínú ogun abẹ́lé, tàbí kí a ba oko wọn jẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá relé lọ gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: níbo ni wọ́n dáko sí nígbà ogun? Ta ni ó ń lọ kórè? Kí ni àwọn ọmọ jẹ? Oríkì ti sọ ẹni tí ó pa ènìyàn fún wa. Ó kù kí a mọ ẹni tí ebi pa.