Ohun Tí Fáìlì Mọ̀ Ni Kó Sọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ẹ̀yin ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Lọ́dọọdún, tí fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ológun NDA bá ti jáde, àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ojú fèrèsé wa. Kàdúná ni wọ́n ń lọ, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ń kọ́ àwọn tó máa di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú láti 1964. Òmíràn ti gboyè ní yunifásítì, ọ̀nà DSSC, tó wà fún àwọn tó ti gboyè, ló fẹ́ gbà wọ iṣẹ́ ológun. Ìwé ìlera tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wa lè ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó sì lè tì í.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí fáìlì mọ̀ ni kó sọ, kò gbọdọ̀ bù kún un, kò sì gbọdọ̀ bù kù ún. Kì í ṣe àwa la máa mú ọmọ wọ iṣẹ́ ológun, àwa kọ́ la sì máa dí i lọ́nà. Dókítà ológun ló máa dájọ́. Tiwa ni pé kí ohun tó máa fi dájọ́ pé, kó sì jẹ́ òótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń béèrè. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 kò gbà kí ẹnikẹ́ni tú ọ̀rọ̀ aláìsàn síta láìsí ìyọ̀ǹda tó fọwọ́ sí, àyàfi níwọ̀nba ibi tí òfin fúnra rẹ̀ yọ sílẹ̀, bí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ọmọ ọdún 17 lè gba fọ́ọ̀mù NDA, ṣùgbọ́n kò tíì tójúúbọ́. Òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò béèrè fún un. Ẹni tó bá ti pé 18, òun fúnra rẹ̀ ni. Bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun, kò lè gba fáìlì láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ sí i. Ẹ bọ̀wọ̀ fún bàbá, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì fún un ní fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tí ọmọ rẹ̀ máa kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ rí i dájú pé ẹni yìí ló ni fáìlì yìí. Nílẹ̀ Yorùbá wa, ibí yìí gan-an ni wàhálà wà. Ẹ wo Táíwò àti Kẹ́hìndé: ìyá kan náà, orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ojúlé kan náà. Mo ti bá èsì ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé nínú fáìlì Táíwò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nọ́ńbà káàdì ló yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ti ẹ̀yìn fáìlì nìkan mọ. Ẹ tún wo ìdílé tó pa orúkọ dà: ọmọ tó jẹ́ Ògúnbíyìí nígbà tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti di Olúbíyìí lórí ìwé JAMB. Ẹ má fi bírò fa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Ẹ gba àfidáfítì ilé ẹjọ́, ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ fáìlì, kí ẹ kọ orúkọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lù yín. Tí ọjọ́ orí tó wà lórí káàdì àtijọ́ kò bá sì bá ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mu, ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ibi tó gba sùúrù jù ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí dókítà fura sí àti ohun tó rí. Dókítà a máa fi àmì ìbéèrè ṣáájú orúkọ àrùn tí kò tíì dá a lójú. Wọ́n gbé ọmọ kan dé lóru, ó ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń dún, dókítà kọ “?asthma”. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kísíréè fi hàn pé òtútù àyà ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì lọ pátápátá. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Tí akọ̀wé bá wá ṣe fọ́tòkọ́pì ewé àkọ́kọ́ nìkan, tí àmì ìbéèrè tó ti ṣá kò sì jáde, ó ti fi asthma kọ́ ọmọ tí kò ní i lọ́rùn. Ẹ tọ ọ̀rọ̀ dé òpin rẹ̀: ohun tí wọ́n fura sí, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n rí, ìgbà tí oògùn parí.

Ti gìrì náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni gìrì mú ní kékeré nígbà tí ibà mú kí ara wọn gbóná. “Convulsion” ni dókítà máa kọ. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lè sọ pé wárápá ni, wárápá kò sì bá ìbọn gbígbé àti ọkọ̀ òfuurufú wíwà rìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ẹ ṣí ewé náà sẹ́yìn, ẹ wo ṣáàtì nọ́ọ̀sì. Ẹ lè bá a níbẹ̀ pé: ìgbóná ara 39.8, èsì àyẹ̀wò tó fi ibà hàn, ọjọ́ mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé ó tún ṣẹlẹ̀ rí. Ṣáàtì yẹn gbọ́dọ̀ bá ewé dókítà lọ.

Bí láàbù kan bá ní AS lọmọ, tí òmíràn ní SS, ẹ má mú èyí tó wu òbí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kété ṣáájú àyẹ̀wò tó ní AS ni, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè mú kí SS jáde bí AS fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi èsì méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú déètì wọn, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà kó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ìyá kan á wá, á rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yọ ewé yẹn kúrò.” Àánú rẹ̀ á ṣe yín. Ẹ má yọ ọ́. Òfin 2014 yẹn ní kí ẹni tó bá yí àkọsílẹ̀ padà ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí kó san 250,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti òfin nìkan kọ́. Ká ní ewé iṣẹ́ abẹ ìpá ni: àwọn dókítà ológun máa bọ́ aṣọ ọmọ yìí, wọ́n á rí àpá rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Tí ìwé oníṣẹ́ abẹ bá wà níbẹ̀, àpá tó ti jinná ni. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn ni. Àrùn tó bá sì gba abẹ́ ọwọ́ wa kọjá, orí pápá ló ti máa jáde, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ọmọ, láàárín àwọn tí kò mọ oògùn tó ń lò. Ẹ sọ fún ìyá náà pé kó mú ọmọ lọ bá dókítà, kí dókítà yẹ ara rẹ̀ wò, kó kọ bó ṣe rí lónìí, kí ẹ fi ìyẹn kún fáìlì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Fáìlì gan-an kì í kúrò nílé ìwòsàn. Ẹ̀dà ni ẹ máa fún wọn, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù wà lórí rẹ̀, nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà: ta ló gbà á, iye ewé, ọjọ́ wo. Ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn èyí tó yẹ ká dáàbò bò jù lọ. Kí ẹ sì máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n tètè wá, torí fáìlì ìgbà kékeré wọn ti lè wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí láti ọdún pípẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka gbogbo rẹ̀ bí dókítà tí kò rí ọmọ yẹn rí. Tí ẹ kò bá lè sọ ohun tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é àti bó ṣe parí, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ padà sídìí ṣẹ́ẹ̀fù, kí ẹ wá ewé tó kù.