Ọ̀kadà tó ń kó kòkó jáde lóko Ìkéjì-Arákéjì: Ṣọ́ọ̀kì iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Bí èèyàn bá kúrò lójú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní Ìkéjì-Arákéjì, tó wá yà sí ọ̀nà oko, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí i pé ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ọ̀rọ̀ ajé àdúgbò náà wà. Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, títí kan ẹni tó fẹ́ lọ ro oko, ọ̀kadà ló ń gbé wọn wọlé, òun náà ló ń gbé wọn jáde. Ìlú yìí kan náà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ń wa katakatá tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́dún 1928, kó tó gbọ́ ìpè tó sọ ọ́ di wòlíì, tí wọ́n sì wá fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2006. Ojú títì ńlá ni katakatá ìgbà náà ṣe o, kò dé ọ̀nà oko.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀kadà kan tàbí méjì tẹ́ ẹ gbé fún ọmọkùnrin láti máa fi ṣiṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹ̀yin la ní lọ́kàn lónìí. Ẹ̀ ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ̀ ń ra táyà, ẹ̀ ń fún ṣéènì. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kì í yà á wò títí ọ́ìlì yóò fi máa ṣàn lára rẹ̀. Tí ọ́ìlì yìí bá sì ti kan bíréèkì iwájú, bíréèkì kò ní í mú mọ́. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn. Àpò 16 ni wọ́n ń kà sí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ni pé àpò kan lé ní kílò 60. Ẹni tó gùn ún, ẹrù àti ọ̀kadà, inú gọ́tà kan náà ni gbogbo wọn máa bá ara wọn.

Kí la fi ń ṣe é gan-an? Ẹsẹ̀ méjì ni ṣọ́ọ̀kì iwájú ní. Nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, páìpù dídán kan ń wọ inú èyí tó tóbi jù ú lọ, ó ń jáde, ó ń wọlé. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì wà níbẹ̀, ọ̀pá kan tí wọ́n lu ihò sí lára sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi irú èyí tó ní ọ́ìlì nínú sára alùpùpù tí wọ́n ń tà lọ́jà, lọ́dún 1935, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lára Bajaj Boxer tó kún ìgboro wa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í nìyí o: wọ́n rò pé ọ́ìlì ló ń gbé ẹrù. Rárá o. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ ọ́ìlì ni pé kó má jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè-sódò bíi bọ́ọ̀lù. Bí táyà bá wọ kòtò, ọ́ìlì á máa fi tipátipá gba inú àwọn ihò kéékèèké yẹn kọjá, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀kadà jó. Nítorí náà, ẹni tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀ tó wá ń rọ ọ́ìlì kún un, ibi tí kò dùn ún ló ń fi òògùn sí. Yàtọ̀ síyẹn, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wà lókè ọ́ìlì nínú páìpù náà. Bí ọ́ìlì bá gba àyè atẹ́gùn tán, agbára rẹ̀ á já ọ́ìlì síìlì jáde ní kòtò àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dá èyí tẹ́ ẹ ní padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n da ọ́ìlì dúdú inú rẹ̀ nù, kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yí páìpù dídán náà lórí gíláàsì tó tẹ́jú láti mọ̀ bóyá ó ti wọ́. Ẹ fi èékánná yín wọ́ ọ lára. Bí ó bá ti dógùn-ún tó ń ha yín lọ́wọ́, kò sí síìlì tuntun tó máa pẹ́ lára rẹ̀, owó yín ló ń ṣòfò. Bí ara rẹ̀ bá dán, ẹ fi síìlì tuntun sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan.

Ọ́ìlì tó yẹ ni èyí tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀kì, tí wọ́n kọ 10W, 15W tàbí 20W sí lára. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ọ́ìlì á ṣe ki tó. Bí ẹ kò bá rí i rà, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń pè ní ATF, tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ṣeé lò, àmọ́ ó fúyẹ́ díẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ má gbà láyè, nítorí irin kéékèèké inú rẹ̀ á máa jẹ síìlì. Ìwé tó bá ọ̀kadà wá ló ń sọ iye mílílítà tó yẹ. Síríǹjì ńlá ni kí mẹkáníìkì fi wọ̀n ọ́n, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì dọ́gba. Ẹni tó bá ń fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ rọra gba ọ̀kadà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí lẹ máa tó mọ̀ bóyá sípíríǹgì tó gbára. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ fi téèpù wọn páìpù dídán tó hàn síta. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó, kí ẹ di irú ẹrù tó máa ń gbé, kí ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn ṣọ́ọ̀kì náà lọ. Ká ní ìrìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kó wọlé. Bí ó bá wọlé tó mẹ́fà, sípíríǹgì ti rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà tí kò wọ́nwó ni pé kí wọ́n gé páìpù tó le díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, kí wọ́n fi wọ́ṣà sí i, kí wọ́n sì tò ó sórí sípíríǹgì lábẹ́ ìdérí. Èyí á gbé iwájú ọ̀kadà sókè, àmọ́ kò sọ sípíríǹgì di líle o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bí páìpù yìí bá gùn jù, sípíríǹgì á sún mọ́ra tán kí ṣọ́ọ̀kì tó wọlé tán, irin á sì máa gbá irin. Bí èyí kò bá tó, sípíríǹgì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ ló kù. Àwọn kan máa ń fa sípíríǹgì àtijọ́ kó lè gùn sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa padà síbi tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìdérí náà, kó ti igi sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́, kó sì yí ojú kúrò, torí pé sípíríǹgì yẹn lè ta ìdérí jáde bí ọta ìbọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yìn ni ẹ̀ ń di ẹrù sí, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n sì tẹ bíréèkì ni ìwúwo náà máa ń wá síwájú. Tí ẹ bá wá sọ iwájú di líle jù nígbà tí ẹ̀yìn ti rọ̀, táyà iwájú kò ní í fẹ́ kan ilẹ̀ dáadáa mọ́ bí ọ̀kadà bá ń gun òkè, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ṣe ségesège. Mo ti jókòó sẹ́yìn irú rẹ̀ rí, ẹsẹ̀ ni mo fi parí ìrìn àjò ọjọ́ náà. Iwájú àti ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ jọ wò.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba àwọn tó fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀kì gígùn ti alùpùpù eléré inú igbó sára ọ̀kadà nímọ̀ràn. Lóòótọ́, ìrìn tiwọn lè tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Àmọ́ irin tó dì wọ́n mú lọ́rùn kò bá ti ọ̀kadà wa mu, bí wẹ́dà bá sì jó o pọ̀ tó wá já lórí ìrìn, kò sí àtúnṣe fún ìyẹn. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ fi ra rọ́bà ìbora tó máa ń bo páìpù dídán lọ́wọ́ ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Ẹni tí kò rí i rà lè gé túùbù táyà àtijọ́, kó sì dì í lókè nísàlẹ̀, àmọ́ kó máa tú u wò bí òjò bá ti rọ̀, kí omi má baà há síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká fi ṣàpẹẹrẹ pé ọ̀kadà kan ń mú 5,000 náírà wálé lójúmọ́. Bí ó bá jókòó sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí síìlì tó já, 20,000 náírà ti lọ, ẹ kò tíì ka owó iṣẹ́. Ẹ lọ béèrè iye síìlì méjì àti ọ́ìlì lọ́jà Iléṣà, kẹ́ ẹ fi wéra. Ẹ̀yin mẹkáníìkì náà, síríǹjì, téèpù àti ọ́ìlì gidi ò gbowó púpọ̀, ìwọ̀nba ẹni tó ní wọn ni àwọn oníbàárà yóò máa wá.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, kí wọ́n tẹ iwájú ọ̀kadà wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó fún nọ́ọ̀tì táyà pa, kí ẹsẹ̀ méjèèjì má baà máa fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ọlọ́kadà kọ́kọ́ gùn ún láìsí ẹrù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi aṣọ funfun nu páìpù dídán náà. Bí ọ́ìlì bá bá aṣọ wá, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an.